Ọdún àti Orúkọ: Èrè Olùkọ́ ní Ìsọlọ̀

Bí ọ̀rọ̀ owó oṣù tíṣà bá délẹ̀, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi sọ pé èrè olùkọ́ ń bẹ lọ́run. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò sọ ọ́ láti bú wa, ìtùnú ni wọ́n fi ṣe. Ṣùgbọ́n èmi kò gbà á gbọ́ rí. Èrè iṣẹ́ yìí wà láyé níbí, ó ṣe é fojú rí, ó sì ṣe é tọ́ wò. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni irú ilé ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ kí olùkọ́ rí èrè náà gbà. Mo ti kọ́ ọmọ ní ìṣirò nínú irú ilé ẹ̀kọ́ girama méjèèjì tó wà ní Ìsọlọ̀, ti aládàáni lákọ̀ọ́kọ́, ti ìjọba lẹ́yìn náà. Ohun tí mo rí nínú méjèèjì ni mo fẹ́ gbé sórí ìwọ̀n.

Méjèèjì fara kora ní Ìsọlọ̀. Láti Ìyànà-Ìsọlọ̀ wọ inú ìlú lọ títí dé Òkè-Àfà, ẹ óò rí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni nínú ilé alájà tí wọ́n kọ́ fún ayálégbé tẹ́lẹ̀, tí géètì rẹ̀ dojú kọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ẹ ò tíì rìn jìnnà tí ẹ óò fi kan ti ìjọba nínú ọgbà ńlá, tí ẹ̀ka kékeré àti ẹ̀ka àgbà jọ ń pín pápá kan lò. Ọmọ ìyá méjì lè jáde nílé kan náà láàárọ̀, kí ọ̀kan wọ yúnífọ́ọ̀mù ti aládàáni, kí ìkejì wọ ti ìjọba, nítorí owó tó wà lọ́wọ́ òbí kò tó ti ẹni méjì. Mo ti kọ́ irú àwọn ọmọ ìyá bẹ́ẹ̀ rí, ọpọlọ wọn kò sì yàtọ̀ síra.

Àríyànjiyàn lórí méjèèjì ti pẹ́ l'Ékòó. Nígbà tí Lateef Jákàńdè di gómìnà ní oṣù kẹwàá ọdún 1979, ìpín-ìpín ni àwọn ọmọ fi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, àwọn kan láàárọ̀, àwọn mìíràn lọ́sàn-án. Ó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, ó kọ́ kíláàsì káàkiri, ó sì fòpin sí ètò ìpín-ìpín náà ní 1980. Àwọn alátakò rẹ̀ ń pe àwọn kíláàsì ọ̀hún ní ilé adìyẹ. Àwọn ọmọ tí kò níbi jókòó tẹ́lẹ̀ kò bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Lọ́dún kan náà ni ìjọba rẹ̀ pàṣẹ pé kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kógbá wọlé láti oṣù kẹsàn-án. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Anthony Okogie àti àwọn mìíràn gbé e lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tó di 1981, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a pé òfin ilẹ̀ wa ti 1979 fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ àwọn tó ni ilé ẹ̀kọ́ àti agbára ìjọba ni wọ́n jọ ń fà nínú ẹjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ ẹni tó dúró níwájú pátákó kò sí lára ohun tí wọ́n ń jà sí, bó sì ṣe wà nìyẹn títí di òní.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú owó kúrò nílẹ̀, nítorí kò le láti wọ̀n. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ di 70,000 náírà, ìpínlẹ̀ Èkó sì ní òun á san 85,000. Olùkọ́ ìjọba tó ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì ń gbà ju ìyẹn lọ, ó ní owó ìfẹ̀yìntì, ó sì lè yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kéékèèké kì í san iye tí òfin là sílẹ̀ yẹn. Níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ìdajì owó ni wọ́n ń san fún wa ní ìsinmi oṣù kẹjọ, wọ́n sì ń gé nínú owó ẹni tó bá pẹ́ dé. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ńlá tí ń sanwó gidi wà l'Ékòó, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ ládùúgbò wa. Lórí owó, ìjọba ló tẹ̀wọ̀n jù. Síbẹ̀, mo mọ àwọn tó gba owó ìjọba títí wọ́n fi fẹ̀yìntì tí iṣẹ́ náà kò dùn mọ́ wọn lọ́jọ́ kan. Èyí ló jẹ́ kí n wá nǹkan mìíràn tí mo lè wọ̀n: orúkọ ọmọ tí olùkọ́ mọ̀, àti ọdún tó fi wà pẹ̀lú rẹ̀.

Níbi orúkọ ni aládàáni ti borí. Kíláàsì tí mo kọ́kọ́ kọ́ kò pọ̀ ju ohun tí mo lè fojú kan kárí lọ. Kí tẹ́ẹ̀mù tó dé ìdajì, mo ti mọ ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé. Mo mọ ẹni tí kì í rí pátákó dáadáa tó sì ń tijú láti sọ, mo sì mọ ẹni tí bàbá rẹ̀ ti rìnrìn àjò tí kò tíì fi nǹkan ránṣẹ́. Mo ń máàkì ìwé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé fún olúkúlùkù. Bí ọmọ kan bá ṣi ìṣirò ṣe, mo mọ ibi tí àṣìṣe náà ti ṣẹ̀ wá, nítorí mo ti rí irú àṣìṣe náà nínú ìwé ọmọ náà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ìmọ̀ báyìí ni mò ń pè ní mímọ orúkọ.

Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, wọ́n gbé réjísítà lé mi lọ́wọ́, orúkọ inú rẹ̀ kún ojú ewé kan, ó tún wọ òmíràn. Àwọn ọmọ fún ara wọn mẹ́ta-mẹ́ta sórí bẹ́ǹṣì ẹni méjì. Bí wọ́n bá kó ìwé wọn jọ, ọmọ bíi mẹ́rin ló ń bá mi gbé e lọ sí yàrá àwọn olùkọ́, bí mo bá sì ní kí n máàkì gbogbo rẹ̀ bó ti yẹ, ilẹ̀ á mọ́ bá mi nídìí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kàn ń fi bírò pupa fa ìlà gbọọrọ ni, wọ́n á sì kọ déètì. Nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, ọmọ tó mọ̀wé jù àti ọmọ tó ń dàlúrú jù ni tíṣà ń tètè dá mọ̀. Àwọn tó wà láàárín, tí wọn kì í jà, tí wọn kì í sì í nawọ́ sókè, lè lo odidi sáà kan láìsí olùkọ́ tó lè pè wọ́n lórúkọ lójú pópó.

Ọmọ àárín bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tó máa ń pa ilé ẹ̀kọ́ jẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ yẹn ni ọjà Aswani, tí wọ́n fi orúkọ ilé iṣẹ́ aṣọ tó wà níbẹ̀ rí pè, ìyá rẹ̀ sì ń ta òkìrìkà níbẹ̀. Lọ́jọ́rú kan tó wá, ìlọ́po àwọn nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú ni mo ń kọ́ wọn. Mo kọ (−2) × (−300) sí pátákó. Gbogbo kíláàsì ní ìdáhùn jẹ́ −600. Mo ní 600 ni, láìsí àmì kankan níwájú rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí dà á kọ láìbéèrè ìdí. Mo nu gbogbo rẹ̀ kúrò.

Mo bọ́ sí èdè Yorùbá. Mo ní, "Ká ní o gba ẹ̀wù mẹ́ta láwìn lọ́wọ́ aláṣọ, 300 náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aláṣọ wá ní nítorí o jẹ́ ọmọ dáadáa, òun fagi lé gbèsè méjì nínú mẹ́ta. Ṣé owó rẹ lé sí i ni àbí ó dín?"

Kíláàsì dákẹ́. Ọmọbìnrin yìí dìde lẹ́yìn pátápátá, ó ní, "Sà, mo ti jèrè 600 náírà nìyẹn." Kò tíì jókòó tó fi tún ní, "Ṣé nítorí pé gbèsè ni wọ́n yọ, tí wọ́n sì yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì?" Ẹni tó jókòó tì í kò gbà, ó ní gbèsè kì í di èrè. Ọmọbìnrin náà yí sí i, ó fa ìwé rẹ̀ sún mọ́ ara, ó sì ń fi bírò tọ́ka títí ìkejì rẹ̀ fi mi orí. Èmi kò dá sí i. Owó oṣù kan kò tíì wọlé sí mi lọ́wọ́ tó dùn mọ́ mi tó ìṣẹ́jú yẹn. Orúkọ ọmọ náà ti wà nínú réjísítà láti oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ yẹn ni mo mọ ojú tó ni ín.

Ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí mo ti kúrò, wọn ì bá ti pè mí sí ọ́fíìsì nítorí àlàyé yẹn, torí wọ́n ti kìlọ̀ fún mi níbẹ̀ nígbà tí mo fi Yorùbá ṣàlàyé ìdá. Wọ́n ní kì í ṣe ohun tí àwọn òbí ń sanwó fún nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2018 ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ máa kọ́ Yorùbá, ti ìjọba àti ti aládàáni. Láti 1970 sì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gbogbo iṣẹ́ àfi Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà, tí àwọn ọmọ náà sì ta ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ó dùn mí pé ibi tí orúkọ ọmọ ti rọrùn láti mọ̀ ni wọn kò ti jẹ́ kí n fi èdè ọmọ náà bá a sọ̀rọ̀.

Níbi ọdún ni ìjọba ti borí. Iṣẹ́ olùkọ́ girama kì í hàn ní tẹ́ẹ̀mù kan. Ẹni tó gbin iṣu á dúró dìgbà tó bá wà á. Tíṣà aládàáni ń gbìn, ó ń kọ ebè, ẹlòmíràn ló ń wà á, nígbà mìíràn ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ wà á. Bí ilé ẹ̀kọ́ kejì òpópónà bá fi ẹgbẹ̀rún náírà díẹ̀ kún owó oṣù, tíṣà á lọ. Bí onílé bá fowó lé owó ilé, àwọn òbí á kó lọ sí Ìgandò tàbí Àyọ̀bọ́, ọmọ á bá wọn lọ. Èmi náà fi àwọn ọmọ tí mo mọ orúkọ wọn bí ẹni mowó sílẹ̀ ní JSS2. Ẹni tí kì í rí pátákó yẹn, n kò mọ̀ bóyá ó gba awò ojú. Ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ dé ọwọ́ mi. Ìyókù ìtàn rẹ̀ ni kò dé.

Tíṣà ìjọba lè dúró. Òfin tí Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí ní 2022 tilẹ̀ sún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́ síwájú láti ọmọ 60 ọdún dé 65, àti láti 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ dé 40. Òótọ́ ni pé wọ́n lè gbé wa láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n a kì í sábà jìnnà. Ẹkùn ètò ẹ̀kọ́ kẹfà ni tiwa, Ìkẹjà, Mushin àti Oṣòdì-Ìsọlọ̀ ló kó pọ̀. Nítorí náà mo ṣì wà ní Ìsọlọ̀, mo sì ń rí wọn. Ọmọbìnrin aláṣọ yẹn kò di dókítà, kò sì di lọ́yà. Ó ní ìsọ̀ tirẹ̀ ní Aswani báyìí. Ó fi ìwé ìṣirò rẹ̀ hàn mí nígbà kan, ìwé ẹlẹ́yìn líle tí igun rẹ̀ ti já: àwọn tó jẹ ẹ́ lówó wà lójú ewé ọ̀tún, àwọn tí òun jẹ lówó wà lósì, àmì ìyọkúrò sì wà níwájú iye kọ̀ọ̀kan lósì. Ó ní oníbàárà kan kò lè fi ìṣirò gbá òun mọ́lẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wà ní kíláàsì mi lọ́wọ́lọ́wọ́, mo sì ti mọ orúkọ ìyẹn kó tó wọlé lọ́jọ́ kìíní.

Mo mọ̀ pé ìtàn tí àwọn olùkọ́ fẹ́ràn láti sọ yàtọ̀ sí èyí. Ti ọ̀gá báńkì tó dìde dọ̀bálẹ̀ fún tíṣà rẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n ń sọ, tàbí ti dókítà tó kọ̀ láti gbowó. N kò bá wọn jiyàn, ó ń ṣẹlẹ̀, ó sì ń dùn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àwọn wọ̀nyẹn nìkan ni èrè, a jẹ́ pé gbogbo ọmọ tó kù tí a kọ́ ti di òfò nìyẹn, èyí kò sì lè jẹ́ òótọ́.

Ọwọ́ tí méjèèjì fi mú ọmọ tí kò mọ̀wé ló tún là wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ń ta ara rẹ̀ pẹ̀lú èsì WAEC tó lẹ̀ mọ́ ògiri níta. Nítorí èyí, àwọn kan ń dá ọmọ tí wọ́n fura pé yóò fìdí rẹmi dúró kó tó dé SS3, tàbí kí wọ́n ní kí òbí mú un lọ sí ibòmíràn. Àwọn ibòmíràn kan sì wà tí wọ́n ti ń ta ìdáhùn ìdánwò. Ìpínlẹ̀ Èkó ló ń sanwó WAEC fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, géètì wa kò sì lè ti ọmọ mọ́ ìta nítorí kò mọ ìṣirò. Wọ́n ń bú wa nítorí èsì wa. Kí ẹni tó ń bú wa rántí pé ọmọ tí wọ́n lé lọ́hùn-ún ni a gbà síhìn-ín, tí a sì tún jókòó tì.

Mo rántí àwọn méjì kan nílẹ̀ wa tí wọ́n ní ọdún, tí wọ́n sì ní orúkọ. Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama Ìjẹ̀bú-Òde títí dé 1932, ó sì bọ́ sí ti Abẹ́òkúta, níbi tó wà títí dé 1954. Òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, NUT, nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1931. Tai Ṣólàárín kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ Mólúsì ní Ìjẹ̀bú-Igbó lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nínú ilé ẹ̀kọ́, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́jọ́ 27 oṣù kìíní 1956. Ó wà níbẹ̀ títí di 1976. Ìgbàgbọ́ wọn kò papọ̀ rárá. Àlùfáà ni Kútì, pàṣán kò sì jìnnà sí i. Ṣólàárín kò gba pé Ọlọ́run wà, ọkọ́ àti àdá ló fi ń tọ́ ọmọ: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń dáko, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́lé.

Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti fi pàṣán wé ọkọ́, kí wọ́n wá yan ọ̀kan. Bó bá jẹ́ yíyàn, ọkọ́ ni èmi yóò yàn, nítorí n kò tíì rí ọmọ tí ẹgba kọ́ ní ìdá. Ṣùgbọ́n ohun tó so wọ́n pọ̀ ṣe pàtàkì lójú mi ju ohun tó yà wọ́n lọ. Àwọn méjèèjì ń gbé inú ọgbà pẹ̀lú àwọn ọmọ, wọ́n mọ ọmọ nínú kíláàsì, wọ́n mọ̀ ọ́n nídìí oúnjẹ, wọ́n sì dúró títí irun fi ń funfun. Tíṣà Ìsọlọ̀ òde òní kò ní irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Láti Sàngó-Ọ̀tà ni ẹlòmíràn ti ń jí lọ́wọ́ òru, dáńfó méjì ló ń wọ̀ kí aago méje tó lù, ó sì máa ń sùn lójú ọ̀nà bó bá ń padà lọ. Ẹni tó bá ń sọ pé irú àwọn Kútì kò sí mọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ibi tí tíṣà ń sùn.

Ìwọ̀n mi tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ìjọba, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Orúkọ wà lọ́wọ́ tíṣà fúnra rẹ̀, bó ti wù kí ó le tó. Mo ti ya àwòrán ìjókòó àwọn ọmọ sórí káádì, orúkọ wà lórí ìjókòó kọ̀ọ̀kan, mo sì ń pe àwọn tó dákẹ́ kí n tó pe àwọn tó nawọ́. Dípò kí n fi bírò fa ìlà sí gbogbo ìwé, ìlà ìjókòó kan ṣoṣo ni mò ń máàkì lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń máàkì rẹ̀ dénú. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ọdún ni tíṣà kò lè fún ara rẹ̀, ẹni tó gbà á síṣẹ́ ló ń fún un.

Èyí kò dá ìjọba láre. Bí Jákàńdè bá lè kọ́ kíláàsì kárí Èkó láàárín ọdún díẹ̀, kò yẹ kí ọmọ mẹ́ta ṣì máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹni méjì ní Ìsọlọ̀, kò sì yẹ kí wọ́n gbé tíṣà kúrò nígbà tí kíláàsì rẹ̀ ku ọdún kan kó jáde. Ní ti àwọn tó ni ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ìyàtọ̀ tí mò ń béèrè kò ní kí wọ́n kọ́ ilé tuntun. Kí wọ́n san owó oṣù kẹjọ pé. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ pé olùkọ́ tó gba kíláàsì ní JSS1 ni yóò mú un dé JSS3, kí owó rẹ̀ sì máa gbérí bó bá ṣe ń bá wọn gòkè. Kí wọ́n sì jẹ́ kó fi Yorùbá ṣàlàyé gbèsè fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta ọjà.